Afárá Tí Kò Kan Ilẹ̀ Líle

Ọwọ́ ẹni tí òfin ti pa ló kọ ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń mí. Adájọ́ ka orúkọ mi, ó ka orúkọ ẹni tí mo pa, ó sì ní ikú ni ìdájọ́ mi. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi láti èdè Faransé sí Píjìn, àmọ́ ojú àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi kí ògbufọ̀ tó la ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dá ọjọ́ kankan fún mi. Àwọn àgbà ẹlẹ́wọ̀n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mú irú wa jáde lọ pa ní orílẹ̀-èdè yìí, pé bóyá bí n ó ṣe máa wà nìyẹn títí tí ara yóò fi rẹ̀ mí dópin. Ikú mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ́jọ́, kò ní wákàtí. Inú rẹ̀ ni mò ń gbé bí ẹni tó ń gbé inú kùrukùru.

Fèrèsé kan wà lókè níbi tí ọwọ́ mi kò tó. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, á máa rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀. Bí òjò Douala bá sì gbé e dé, tó ń rọ̀ ṣáá láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, n kì í mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo wà lójúfò. Ìgbà náà ni mo máa ń rí àdúgbò wa bó ṣe yẹ kó rí. Igi máńgòrò wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, omi tó ń kọjá láàárín wọn mọ́, ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú. Àwọn aboyún jókòó sábẹ́ òjìji. Àwọn ọmọ ń bọ̀ láti ilé-ìwé, bàtà wọn gbẹ, ẹnìkan nínú wọn sì ń kọrin. Ibi tí mò ń rí yìí kò sí rárá. Àlá ẹlòmíràn ni. Mo jí i gbé, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

Òfà ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí mo wá bá àbúrò bàbá mi ní Douala, ó ń ta aṣọ lọ́jà nígbà náà. Nígbà tí ó padà sílé, èmi dúró. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, ní New Bell nínú Douala, mò ń jó ilẹ̀kùn, mò ń jó bẹ́ẹ̀dì, mò ń jó irin ojú fèrèsé. N kì í mutí. N kò lu ẹnikẹ́ni rí. Mò ń kírun lásìkò. Ẹ má rò pé ọmọ ìta ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ojú àgbàrá ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dréènì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ kì í ju kókósẹ̀ lọ. Tí òjò bá dé, á kún dé ẹnu, á sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Apá kan la wà, ilé-ìwé àwọn ọmọ wà lápá kejì. Bí dréènì bá ti kún, àwọn ọmọ á yí gba ojú títì lọ, níbi tí àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní bẹ́ndískín níbí, ti máa ń sáré àsápajúdé.

Àwa Yorùbá àdúgbò náà ní ẹgbẹ́ kan, Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́ Àìkú, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń pàdé lẹ́yìn ìrun Àsárì ní àgbàlá Alhaji Sálíù. Alhaji ni alága wa, ó ń ta léèsì ní Akwa, ó sì jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti àríyá. À ń bẹ aláìsàn wò, à ń sin òkú tí kò lẹ́nìkan, à ń gbá ojú ọ̀nà fún gbogbo èèyàn, ìbáà ṣe Haúsá, ìbáà ṣe Bamiléké. Àmọ́ a kò ní ètò. Ohun tó bá ṣubú lónìí là ń gbé nílẹ̀, a kì í wo ọ̀la.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni mo ti mọ Ràímì. Bíríkìlà ni, àwọn ilé ńlá Bonapriso ló ń bá wọn kọ́. Ọmọ Ìnísà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Douala ni wọ́n bí òun sí, àwọn méjèèjì sì kú kí èdè tó jinlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ "o" fún, àgbà àti ọmọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kí Alhaji láàárín ìpàdé, ó ní, "Alhaji, o kúùrọ̀lẹ́. Ara rẹ le?" Ẹ̀rín sọ. Alhaji gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọkàn rẹ̀ ti sọ 'ẹ'. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì gbọ́."

Mo fi ọdún mẹ́ta ju Ràímì lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí símẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa wo dréènì bí ẹni tó ń wo sinimá. Mo kọ́kọ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí.

"Ẹ̀gbọ́n, wo ibẹ̀ yẹn. Ọdún kìíní, a kó ìdọ̀tí. Gbogbo rẹ̀. Ọdún kejì, a gbin igi, igi máa di ilẹ̀ mú. Ọdún kẹta, afárá."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ọdún yìí?" mo bi í.

"Ilẹ̀ ibí, ẹrọ̀fọ̀ ni. Ó jìn. A dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, a wa ilẹ̀, a wa, a wa, títí a kan ilẹ̀ líle. Ìgbà yẹn, òpó. Ìwọ jó irin, èmi ri òpó."

"Lẹ́yìn afárá ńkọ́?"

"Omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé kékeré kan, ilé-ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọ, ọjọ́ Sátidé. Èmi náà máa jókòó lẹ́yìn, máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ 'ẹ'." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì lọ lójú rẹ̀. "Ọdún kẹwàá, yàrá ìbímọ. Kí ìyàwó ẹnìkan má bímọ nínú taksí mọ́."

Inú taksí ni Màríámà ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin wọn, Ràbíà, sí, ní ọjọ́ tí àgbàrá dí gbogbo ọ̀nà.

Bí ó ṣe ń sọ ọ́, èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí páànù. Ìrọ̀lẹ́ mélòó kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú omi ìdọ̀tí yẹn, ohùn rẹ̀ á máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi níbi tí igi kò sí. Mo gbé e sórí káádì funfun ńlá kan, mo fi búlúù ya omi, mo fi àwọ̀ ewé ya igi, mo kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló yà á. Òun ló rí i.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé Ràímì lọ sí Kribi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó tó lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mú un lọ sí ìpàdé. Ìwọ sọ fún wọn. Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín."

Mo gbé e lọ. Mo fi káádì náà kọ́ ara ògiri Alhaji, mo sì sọ̀rọ̀. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Mo mú wọn rìn láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹwàá bí ẹni tó ń mú àlejò wọ ilé. Mo sọ̀rọ̀ tán. Ìyá arúgbó kan nínú wa ń nu ojú. Alhaji bọ́ díńgí ojú rẹ̀, ó súnmọ́ káádì náà, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló ro èyí?" ó ní.

Ìbéèrè kékeré ni. Gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n sì ń wò mí bí ẹnikẹ́ni kò ṣe wò mí rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí. Orúkọ Ràímì wà lórí ahọ́n mi. Mo tọ́ ọ wò, ó korò.

"Èmi ni, bàbá."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ara mi fúyẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fò lójú àlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ibẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ pa Ràímì.

Nígbà tó dé láti Kribi, wọ́n ti sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Wọ́n ní o sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

Mo dúró kí ó bú mi. Ó wò mí lójú, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu.

"Ó dáa," ó ní. "Iṣẹ́ ni ká ṣe. Orúkọ, ènìyàn kò lè mu ún bí omi."

Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá ti tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ìdáríjì tí n kò tọrọ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí irin ṣe ń dípẹtà láti inú.

Ẹgbẹ́ fi mí ṣe olórí ètò. Wọ́n ń pè mí ní Elétò. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ìyá tó ń din àkàrà á pè mí, "Elétò, ẹ wá jẹun!" Ọdún kìíní, a kó ìdọ̀tí inú dréènì, gbogbo àdúgbò jáde, àwọn Haúsá gbé ṣọ́bìrì, àwọn Bamiléké gbé bárò. Ọdún kejì, a gbin igi. Wọ́n hù. Mo máa ń dúró ní ẹnu ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, màá máa wo àwọn ewé kéékèèké yẹn tí afẹ́fẹ́ ń mì, á sì dà bíi pé lóòótọ́ ni mo rò wọ́n. Irọ́ náà ti dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé pé irọ́ ni. Bí mo bá rí Ràímì nìkan ni mo máa ń rántí.

Ọdún yẹn náà, láàárín òjò, ìròyìn dé pé ọ̀gá ńlá kan láti mèrí, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, máa wá wo àdúgbò wa nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Orí mi wú. Mo ní kí a ti kọ́ afárá kí ó tó dé. Ràímì dìde ní ìpàdé.

"Alhaji, mo bẹ̀ ọ́. Afárá, àkókò kò tíì tó. Ilẹ̀ ń mu omi. Kí a dúró de ẹ̀ẹ̀rùn."

Èmi náà dìde. "Ràímì, ta ló ya ètò yìí? Ìwọ tí o kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ìwọ lo fẹ́ kọ́ wa ní ètò?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alhaji nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

"Elétò, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, bàbá."

Ràímì jókòó. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó wá bá wa ṣiṣẹ́.

A wa ihò òpó, omi kún un. A gbọ́n ọn, ẹrọ̀fọ̀ ya wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ràímì wà ní Bonapriso, mo fi irin gígùn kan wọn ihò náà, kò kan nǹkan kan. Ó ń wọlé ṣáá bí ọ̀bẹ nínú ẹ̀kọ. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gé àwọn òpó irin náà kúrú kí wọ́n lè dọ́gba lójú, mo rì wọ́n bọ inú ẹrọ̀fọ̀, mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ da kọnkéré bò wọ́n kíákíá. Lókè, afárá náà dára. Mo kùn ún ní àwọ̀ ewé àti funfun. Bí oòrùn bá ràn lẹ́yìn òjò, á máa dán, òjìji rẹ̀ á máa jó lójú omi. Àwọn èèyàn wá ń fi fóònù ya ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú ni Ràímì bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo di òpó mú, mo mì í. Ó mì. O gé e?"

Mo yíjú sí irin tí mò ń jó.

"Àwọn ọmọ máa gba orí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ìwọ fúnra rẹ, sọ fún wọn. Tí o kò bá sọ, èmi máa sọ."

"Kí lo máa sọ?"

"Gbogbo rẹ̀," ó ní, ó sì lọ.

Gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ inú mi tí kò jáde mọ́. Mo rí i tó dúró ní àgbàlá Alhaji, tó ń sọ ọ̀rọ̀ òpó, tó tún ń sọ ẹni tó ni àlá. Mo rí ojú àwọn ìyá tó ń pè mí wá jẹun. Ọjọ́bọ̀ lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti Ràímì dúró ní ìlà kan náà ní mọ́ṣáláṣí, èjìká mi kan èjìká rẹ̀. Mo kí ìrun náà tán, mo sì ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Òjò dé lẹ́yìn ìrun, òjò tí ènìyàn kì í rí iwájú nínú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn tì. Mo pè é lórí fóònù, mo ní kó wá bá mi lórí afárá, ká jọ wo bí a ṣe máa tún òpó náà ṣe.

"Merci, ẹ̀gbọ́n," ó ní. Inú rẹ̀ dùn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. "Mo ń bọ̀ báyìí."

N kò tíì jó irin ìfaratì mọ́ apá kan afárá náà. Ó dúró síbẹ̀, ó tẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún mi. "Níbí, a máa—" Mo tì í.

Kò bọ́ sínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó di etí afárá mú. Ojú rẹ̀ kò bínú. Ó rò pé ẹsẹ̀ mi ló yọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, fún mi ní ọwọ́," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n."

Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo fi ń wọn nǹkan. Mo gbé e, mo sì lu ìka rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò kò dáwọ́ dúró, omi kò yí ohùn padà, ewé igi tí a gbìn ń mì bó ṣe máa ń mì. Mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì dà bíi pé ẹlòmíràn ló ṣe é, tí èmi sì ń wò ó láti òkèèrè.

Àwọn apẹja ló rí i lọ́jọ́ kejì, nísàlẹ̀ níbi tí dréènì ti ń wọ odò. Gbogbo ènìyàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀ nínú òjò. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan nínú ilé bèèrè pé kí ló ṣe ìka rẹ̀, ẹnìkan dáhùn pé òkúta ni. Mo gbé òkú rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Èjìká kan náà ni mo fi gbé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Màríámà wá bá mi. Ẹ̀yà Bamún ni, kò gbọ́ Yorùbá. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́, ó fi Píjìn sọ fún mi pé ọjọ́ méjì ni ọkọ òun fi kọ ọ́, tó ń kà á sókè bí ọmọ ilé-ìwé, pé kí n bá òun kà á. Mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ ni. Gbogbo ibi tó ti kọ "o" fún àgbà ló ti fi gègé pa rẹ́, tó sì kọ "ẹ" sókè rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Alhaji, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Òpó afárá kò gùn tó. Ẹ̀bi mi ni, nítorí bíríkìlà ni mí, ó yẹ kí n dúró ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú sí i. Ẹ má gba ètò lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí a tú afárá, kí a dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣé."

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àlá níbẹ̀.

"Wetin e talk?" Màríámà bi mí.

"Na prayer," mo ní.

"Àmín," ó ní, ó ká ìwé náà, ó fi í sí àyà.

Ọjọ́ ṣíṣí afárá náà dé. Ọ̀gá láti mèrí dé. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ẹnu afárá, wọ́n to àwọn ọmọ ilé-ìwé sí ìlà méjìméjì nínú yúnífọ́ọ̀mù wọn, ó tó ogójì ọmọ. Dréènì kún. Alhaji sọ̀rọ̀ nípa Ràímì. Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e." Wọ́n mú Ràbíà wá síwájú. Ọmọ ọdún méje, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ọ̀gá gé rìbọ́ọ̀nù. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan lé páńkò.

Mo ti rò pé n ó lè dúró kí n wò ó. Ohùn kan jáde, n kò mọ̀ pé tèmi ni.

"Ẹ dúró! Ẹ má jẹ́ kó gùn ún!"

Alhaji yíjú. "Elétò, kí ló dé?"

"Òpó rẹ̀ kúrú, bàbá. Kò kan ilẹ̀."

"Ta ló gé e?"

"Èmi."

"Ràímì mọ̀?"

"Ó mọ̀."

Mo rí bí ọkàn Alhaji ṣe ń rìn dé ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí arúgbó ṣe ń gun àkàbà.

"Ṣé ìdí tó fi kú nìyẹn?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ìdí nìyẹn, bàbá. Èmi ni mo tì í."

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ figbe ta. Màríámà ń wo ẹnu ẹni yìí, ó ń wo ẹnu ẹni yẹn. "Il dit quoi?" ó ń bèèrè, "Il dit quoi?" Kí ló wí? Kò sí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó sáré lọ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí páńkò, ó sì ń bèèrè síbẹ̀.

Ẹ má kà á sí oore fún mi pé mo pariwo. Agbẹjọ́rò mi kà á sí oore ní kóòtù, ojú tì mí. Ẹni tó dáná sun ilé, bó bá pe àwọn ará ilé kí wọ́n sá jáde, òun náà ló dáná.

Alhaji wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó lórí àga tí wọ́n fún un, ó ti gbó gan-an. Ó ní wọ́n tú afárá náà, pé ọkùnrin mẹ́rin péré ló fa òpó kọ̀ọ̀kan yọ, bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò. Ó ní wọ́n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n wa ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n kan ilẹ̀ líle. Àwọn ọmọ ti ń kọjá. Omi ẹ̀rọ ló kàn. Màríámà ń bá wọn ṣe ìpàdé báyìí, ẹnìkan ń túmọ̀ fún un. Mo bi í pé ṣé Màríámà sọ nǹkan kan nípa mi.

"Rárá," ó ní. "Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ rí." Ó dìde, ó ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe é, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní New Bell àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́, tí ẹ fẹ́ ṣe ohun rere fún ìlú yín, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún yín nípa ọtí, nípa olè, nípa ọ̀rẹ́ búburú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó gbé mi dé ibí. Àárín àwọn ènìyàn rere ni mo ti bàjẹ́, níbi iṣẹ́ rere, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí wọ́n bá yìn yín fún ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó mọ́ yín lára. Bó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ dá a padà lọ́jọ́ kejì. Bó bá ti di ọdún mẹ́wàá, tí gbogbo ìlú yóò sì fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ dá a padà. Mo bẹ̀rù ìtìjú ju bí mo ṣe bẹ̀rù Ọlọ́run lọ, mo sì rò pé yóò pa mí. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ó ti bá mi gbé inú yàrá yìí fún ìgbà pípẹ́, a jọ ń sùn, a jọ ń jí, mo ṣì ń mí. Ràímì ni kò mí mọ́.